Níbo Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Wọ̀ Sí N'Ìbàdàn?

Kò sí ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ mi: "Ọ̀gá, mò ń bọ̀ n'Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, níbo ni kí n wọ̀ sí?" Àwọn kan ń ti Èkó bọ̀, àwọn kan ń ti Kútọnu, àwọn mìíràn sì ti Amẹ́ríkà gbéra nítorí àtikọ́ èdè Yorùbá. Kí n tó dáhùn ni wọn yóò ti fi ìbéèrè kejì lé e: "Èló ni wọ́n ń gbà?" N kò fara mọ́ ọn pé kí ìbéèrè yìí ṣáájú. Ní tèmi, ohun tí ó gbé ènìyàn wá àti èdè tí ó fẹ́ máa gbọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò, kí ó tó ṣí àpò owó rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ná, nítorí iṣẹ́ mi ni. Àwọn àgbà wa ń pe irú ibẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbé wá sí wọn lọ́kàn kì í ṣe ibùsùn. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ibi ọtí àti ijó ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì n'Ìbàdàn jẹ́, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ olórin háíláìfù ti ń ṣeré mọ́jú. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà kan fi lè yarí bí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ní hòtẹ́ẹ̀lì ni òun sùn. Ilé ìtura jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá: tu àti ara ni ó di tura, a wá fi ì- sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ilé àlejò ni ó wù mí jù nínú wọn. Ẹni tí a kò mọ̀ rí àti ẹni tí a dìídì pè wá jẹun, àlejò ni Yorùbá ń pe àwọn méjèèjì.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé kí ni a ń fi owó ṣòfò sí, ṣebí ó ní ìbátan n'Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ẹ̀gbọ́n tí ẹ wọ̀ sílé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò pa adìẹ, yóò ra epo sí ẹ̀rọ amúnáwá, kò sì ní fẹnu sọ ohun tí ó ná an. Ẹ lọ kí wọn, ẹ mú ẹ̀bùn dání, ẹ jẹun níbẹ̀, kí ẹ sì padà sí yàrá tí ẹ fúnra yín ń san owó rẹ̀. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ilé ìtura Premier, tí a kọ́ sórí òkè Mòkọ́lá ní àwọn ọdún 1960, ni tọmọdé tàgbà mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Odù'a, tí í ṣe ti àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá lápapọ̀, ni ó ni ín. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbéra. Ní ọ̀nà Mọníyà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ní ilé àlejò nínú ọgbà rẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà, pẹ̀lú igbó tí ó kún fún ẹyẹ. Ó pa rọ́rọ́. Ẹni tí ó fẹ́ parí àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lè sá lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó wá kọ́ Yorùbá ni n kò mọ ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, àfi bí ó bá fẹ́ máa bá ẹyẹ sọ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àtijọ́ ni ẹ wá kà, inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè sí. Ibẹ̀ ni Ilé Ìpamọ́ Ìwé Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-Èdè wà, ibẹ̀ náà ni ibi ìkówèésí Kenneth Dike wà. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá sì jáde lẹ́nu ọ̀nà ńlá, Àgbowó ti dé: àmàlà gbígbóná, àwọn atẹ̀wé, àwọn ọlọ́kadà, ariwo. Yàrá ilé àlejò inú ọgbà kì í ṣe yàrá ọba. Tábìlì lè máa mì, fáànù lè máa dún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbálẹ̀ yóò kí yín láàárọ̀, yóò sì dúró de ìdáhùn. Ẹ tètè kọ̀wé sí wọn o. Bí ayẹyẹ ìgboyè, tí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kọkànlá, bá kò yín lọ́nà, ẹ kò ní rí àyè.

Owó táṣẹ́rẹ́ wá ńkọ́? Àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì kan ní ilé àlejò nínú ìlú, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀sìn yòówù kí ó máa ṣe. Kò sí ọtí níbẹ̀, wọ́n ń tètè ti géètì, ilé ìwẹ̀ sì lè jẹ́ àjọlò, ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn máa ń mọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé kéékèèké tí ó wà káàkiri Mòkọ́lá, Sángo àti Challenge. Àwọn kan dára púpọ̀. Àwọn mìíràn ń yá yàrá fún wákàtí méjì méjì. Ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ẹ bá béèrè owó yàrá, tí wọ́n sì bi yín pé "Ṣé títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni àbí fún ìgbà díẹ̀?", ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹ má ṣe sanwó láìwo yàrá. Ẹ ṣí omi, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń yọ tàbí korobá ni ẹ ó máa fi wẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé bóyá ó ti ya. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúnáwá àti aago tí wọ́n ń pa á, nítorí "iná wà" tí wọ́n sọ lórí fóònù lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta péré. Ẹ wo ohun tí ó múlé tì wọ́n pẹ̀lú: ilé ọtí ni, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ń ṣe ìṣọ́ òru?

N kò kọ iye owó kankan síhìn-ín. Láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye tí a gbọ́ lóṣù yìí lè yàtọ̀ lóṣù tí ń bọ̀. Epo yìí kan náà ni ó sọ ọ̀nà jíjìn di ọ̀wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà náà ní 2021, Mọníyà ní àríwá ìlú ni ó ń já èrò sí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní yunifásítì, tí ó wá lọ gba yàrá olówó pọ́ọ́kú ní Challenge ní gúúsù, yóò máa wọ Micra lọ, yóò máa wọ̀ ọ́ bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, owó tí ó rò pé òun fi pamọ́ ti bá ọ̀nà lọ.

Èyí tí ó ń dùn mí jù wá nìyí. Mo sin akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti òkè òkun wá lọ sí ilé ìtura kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdún méjì ni ó ti fi kọ́ Yorùbá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ káàsán o, mo fẹ́ gba yàrá." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì fi dá a lóhùn. Ó tún sọ Yorùbá, wọ́n tún fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì. Nígbà tí mo rọra bi ọmọbìnrin náà ní ìdí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó ní: "Ọ̀gá ló ní ká mọ́ sọ Yorùbá sí àlejò, sà." Ọmọ Ìbàdàn ni, "mọ́" yẹn nìkan ti tó.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kí ọ ní èdè rẹ, kí o má lè jẹ́ ẹ ní èdè náà, nínú ìlú tí a ti ń sọ pé àjèjì rí ojúrere ju onílé lọ! Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà: gbogbo ohun tí Yorùbá ní láti fi gba arìnrìn-àjò ni ọmọbìnrin yẹn gbé mì, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ́ kí owó yàrá ga. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé bí owó yàrá bá ṣe ń gòkè ni Yorùbá ń dínkù lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè tí ó bá fi owó ńlá gba yàrá lè máa san owó fún ohun tí ó wá sá fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń pe ilé ìtura lórí fóònù láti béèrè yàrá, Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọn yóò fi dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá fèsì ní Yorùbá, ẹ gba òru méjì péré ná. Ní ọjọ́ kejì, ẹ rìn yí àdúgbò ká, kí ẹ wá dúnàádúrà fún ọjọ́ tí ó kù, nítorí owó ọ̀sẹ̀ kan lè dín sí owó òru méje fún àlejò tí ó bá mọ̀ ọ́n bẹ̀.