Ìpè Kì Í Ṣe Oyè

Ní Ṣómólú tí mo ti ń tẹ̀wé, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n má tẹ ìwé ìpolówó ìsọjí. Ẹni tó gbé e wá á ní: "Ọ̀gá, Olúwa ló pè mí." N kì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé: kí ni ìpè náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ oyè, àga iwájú àti fọ́tò ńlá nìkan ló mú wá, ara ń fu mí.

Ẹ wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà. Ní 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ó gbọ́ ìpè, ó sì fi owó oṣù sílẹ̀. Ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930 là ń rántí. A ń gbàgbé pé ní 1932 ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ìwàásù rẹ̀.

Àwa ará Ṣómólú àti Bàríga wá sọ ọ́ di pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ di wòlíì nìkan ni Ọlọ́run pè. Irọ́ ni. Ìpè tèmi ni kí n dúró nídìí ẹ̀rọ mi, kí n sì gbọ́ràn níbẹ̀.

Lọ́dún kan, oníbàárà kan gbé iṣẹ́ wá: páálí oògùn ikọ́ ọmọdé, tòun ti orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Mo béèrè ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà, kò ní. Owó tó dá lé e tó san gbèsè owó ilé mi ní Bàríga, á sì ṣẹ́ kù. Mo fọ̀rọ̀ lọ àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní: "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo po oògùn. Ọlọ́run mọ ọkàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń bá jà. Ta ló máa ra oògùn ayédèrú tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lásán? Páálí ló ń mú kí ìyá ọmọ gbà á gbọ́. Insulin ayédèrú pa àbúrò Dora Akunyili ní 1988. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di olórí NAFDAC ní 2001, ó gbéjà ko àwọn olóògùn ayédèrú. Ní 2003 wọ́n yìnbọn fún un; ọta gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Kò wọ aṣọ wòlíì, ọ́fíìsì ìjọba ló jókòó sí.

Mo dá iṣẹ́ náà padà. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìyanu ló tẹ̀lé e. Wọ́n gbé e lọ sí ojúlé míì, ẹ̀rọ tiwọn sì ṣiṣẹ́ mọ́jú. Onílé fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà mi. Ìyàwó mi bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹni tó bá ní ìgbọràn ti wọ́n jù, kó rántí Jónà: òun fúnra rẹ̀ ló sanwó ọkọ̀ tó fẹ́ fi sá lọ sí Táṣíṣì. Àìgbọràn náà ń gbowó. Ká ní mo tẹ páálí yẹn ni, ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá san owó tèmi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ yéé bi èèyàn pé nígbà wo ni Olúwa pè é. Ẹ bi í pé kí ló kọ̀ nítorí ìpè náà.