Fíìmù ‘A Beautiful Mind’: ibi tó ti là wá lójú, àti ibi tó ti lè ṣì wá lọ́nà

Ọ̀rọ̀ fíìmù la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tá a kàn fi ń najú lásán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ohun tí òwe yẹn ń sọ gan-an ni fíìmù ‘A Beautiful Mind’ dá lé. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ti wò ó látìgbà náà, yálà lórí sídì tàbí lórí tẹlifíṣàn.

Ẹlòmíì á wò ó tán, á nu omijé ojú, á ní ìfẹ́ ìyàwó ló wo ọkùnrin yẹn sàn. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Bí ẹni tó ní aláìsàn ọpọlọ nílé bá gba gbogbo ohun tó rí níbẹ̀ bí ìtọ́ni dókítà, ó lè ṣi oògùn lò, ó sì lè máa dá ìyàwó tó ti rẹ̀ lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò: èwo ló dáa níbẹ̀, èwo ni kò sì yẹ ká gbé mì? Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wò ó, ẹ má bínú, a máa tú àṣírí rẹ̀ díẹ̀.

ÌTÀN TA NI?

John Nash lorúkọ ọkùnrin náà. Ọdún 1928 ni wọ́n bí i nílùú Bluefield, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ni. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Princeton lọ́dún 1950, ó kọ ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀, ojú ewé 28 péré, nípa bí àwọn tó ń bára wọn díje ṣe ń pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe, nígbà tí oníkálukú mọ̀ pé ẹnì kejì náà ń ro tirẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló padà jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 1994, òun pẹ̀lú John Harsanyi àti Reinhard Selten.

Àmọ́ kó tó di 1994 yẹn, ojú rẹ̀ rí màbo. Lọ́dún 1957 ló fẹ́ Alicia. Nígbà tó fi máa di 1959, tí Alicia wà nínú oyún, ọkọ rẹ̀ ti ń sọ pé àwọn ẹ̀dá kan láti ayé mìíràn ń tinú ìwé ìròyìn New York Times bá òun sọ̀rọ̀. Yunifásítì Chicago fi iṣẹ́ ńlá lọ̀ ọ́, ó ní òun ò lè gbà á, nítorí wọ́n fẹ́ fi òun jọba ilẹ̀ Antarctica, ilẹ̀ tó jẹ́ kìkì yìnyín. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù McLean lọ́dún yẹn kan náà, àwọn dókítà sì ní schizophrenia ló ń ṣe é.

Àìsàn ọpọlọ ni. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn tẹ́lòmíì ò gbọ́, ó sì máa ń jẹ́ kó di ohun tí kò sí mú ṣinṣin bí ẹni pé ó fojú rí i. Tẹ́ ẹ bá kó bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn jọ láyé, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ẹnì kan tó ń bá a fínra. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà, kò sì bọ̀wọ̀ fún ìwé kíkà.

Sylvia Nasar ló kọ ìtàn ayé Nash sínú ìwé lọ́dún 1998. Akiva Goldsman sọ ọ́ di eré, Ron Howard ló sì darí rẹ̀. Russell Crowe ṣe Nash, Jennifer Connelly ṣe Alicia. Lọ́dún 2002, ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin, títí kan ti fíìmù tó dáa jù lọ.

IBI TÓ DÁA SÍ

Àkọ́kọ́, fíìmù yìí ò jẹ́ ká dúró lókèèrè ká máa wo wèrè. Inú orí aláìsàn ló gbé wa wọ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ la ti ń rí Charles, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá nílé ìwé. A rí ọmọdébìnrin tí Charles ń tọ́. A rí Parcher, ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ àṣírí ìjọba fún Nash. Gbogbo wọn la gbà gbọ́. Eré ti lọ jìnnà kó tó hàn sí wa pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú ọpọlọ Nash ni wọ́n ń gbé.

Bó bá jẹ́ pé àwa tí ara wa dá gbà wọ́n gbọ́, báwo lẹni tí àìsàn ń ṣe ò ṣe ní gbà wọ́n gbọ́? Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń bá aláìsàn jiyàn mọ́jú: “Irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀!” Wọ́n á ní agídí ló ń ṣe. Kì í ṣe agídí. Bí ohùn yín ṣe dá a lójú, bẹ́ẹ̀ ni ohùn kejì yẹn náà ṣe dá a lójú. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa, wọ́n á wọ àkísà fún wèrè, á máa jó láàárín ọjà, wọ́n á ní ẹ̀san ló ké. A óò rẹ́rìn-ín, a ò ní bi í léèrè ohun tó ń gbọ́.

Èkejì, ó sọ òótọ́ nípa ìnira oògùn. Nígbà tí Nash ti ọsibítù dé, oògùn mú kí àwọn èèyàn inú orí rẹ̀ pa rẹ́, àmọ́ ó tún sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó bí ère. Kò lè ro ìṣirò mọ́, kò lè gbé ọmọ bó ṣe yẹ, kò sì lè ṣe ojúṣe ọkọ lórí ibùsùn. Ló bá ń fi oògùn pamọ́. Láìpẹ́, ó gbé ọmọ sínú omi ìwẹ̀ tó ń kún lọ, ó ní Charles ń bá òun wò ó. Ọpẹ́lọpẹ́ Alicia tó sáré dé. Ìyá tó bá wo ibẹ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ á já. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń sá fún oògùn lè nídìí tó fi ń sá, àmọ́ ẹni tó bá dá a dúró láìsọ fún dókítà lè pa ẹlòmíì lára láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta, kò sọ ìyàwó di áńgẹ́lì. Lóru ọjọ́ kan, Alicia wọ balùwẹ̀, ó fọ́ dígí, ó figbe ta. Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ pé ó ń ṣe òun bíi kóun lọ, pé ẹ̀bi èrò yẹn ń jẹ òun, pé inú sì ń bí òun sí ọkọ òun àti sí Ọlọ́run. Mélòó nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé ló lè lanu sọ bẹ́ẹ̀ níwájú mọ̀lẹ́bí?

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí Nash ti darúgbó, àlejò kan wá kí i nílé ìwé. Kó tó dá a lóhùn, ó bi akẹ́kọ̀ọ́ kan bóyá òun náà rí ẹni tó dúró níwájú òun. Ó dà bí àwàdà, àmọ́ ọgbọ́n gidi ni. Kí aláìsàn ní ẹni tó fọkàn tán, tó lè bi pé “ṣé ìwọ náà gbọ́ ọ?”, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni.

IBI TÓ KÙ SÍ

Àléébù àkọ́kọ́: Nash gidi ò rí Charles, kò sì rí Parcher. Èrò òdì ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn, nígbà tó yá ló wá ń gbọ́ ohùn. Ohùn la máa ń bá jù lọ nínú àìsàn yìí, kì í ṣe ìran. Ohùn ò ṣeé yà ní fọ́tò, ìdí nìyẹn tí àwọn elérè fi sọ ọ́ di èèyàn. A gbà fún wọn. Àmọ́ ewu ibẹ̀ ni pé ìdílé lè máa dúró dìgbà tí ọmọ wọn bá ń rí òkú tàbí iwin kí wọ́n tó mọ̀ pé àìsàn dé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í pariwo. Ọmọ tó ń tújú ká tẹ́lẹ̀ á máa ti ara rẹ̀ mọ́lé, kò ní fẹ́ wẹ̀, á ní àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ òun, á ní òun ni rédíò ń bá wí, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Nínú fíìmù, Alicia ò kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lóòótọ́, wọ́n kọra wọn sílẹ̀ lọ́dún 1963. Lọ́dún 1970, Alicia gbà á padà sílé bí ayálégbé, torí kò fẹ́ kó máa rìn kiri láìríbi sùn. Ọdún 2001 ni wọ́n tún ìgbéyàwó ṣe. Ọmọkùnrin tó bí fún Nash náà gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, àìsàn kan náà sì mú un. Obìnrin kan, aláìsàn méjì. Fíìmù ò sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí Nash fi yin ìyàwó rẹ̀ níbi ẹ̀bùn Nobel, tó ń pa wá lẹ́kún, àwọn elérè ló hun ún.

Lójú tiwa, òótọ́ ibẹ̀ dùn ju irọ́ rẹ̀ lọ. Ìyàwó tó lọ fúngbà díẹ̀ kí òun náà má baà wó lulẹ̀ kì í ṣe ìkà. Alicia lọ, síbẹ̀ òun náà ló ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta, tó wúwo jù, ni ọ̀rọ̀ oògùn. Níparí fíìmù, Nash ní òun ń lo àwọn oògùn tuntun. Nash gidi ò lo oògùn kankan mọ́ láti 1970. Wọ́n ní torí káwọn aláìsàn tó ń wo fíìmù má baà da oògùn nù ni wọ́n ṣe fi gbólóhùn náà síbẹ̀. Èrò rere ni, àmọ́ bí àṣírí irọ́ bá tú, á tún ba òótọ́ jẹ́. Àwọn kan ti wá ń ní: “Ẹ ò rí Nash? Kò loògùn, ara rẹ̀ sì yá.”

Ẹ jẹ́ ká wo bí ara ṣe yá a. Lọ́dún 1961, ní ọsibítù Trenton, wọ́n ń fún un ní ínsúlíìnì, oògùn àwọn onítọ̀ ṣúgà, títí á fi dákú. Àwọn dókítà ti pa ìtọ́jú eléwu yẹn tì tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rìn kiri bí òjìji. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀ sípò bó ṣe ń dàgbà. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ń rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dá oògùn dúró lójijì ni àìsàn ń padà wá bá.

Ẹ̀kẹrin, fíìmù jẹ́ kó dà bíi pé Nash kàn pinnu láti má dá àwọn èèyàn inú orí rẹ̀ lóhùn mọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èrò òdì náà sílẹ̀, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ó rílé sùn, ó rí oúnjẹ jẹ, àwọn ará Princeton sì jẹ́ kó máa rìn nínú ọgbà ilé ìwé, kó máa kọ ohun tó bá fẹ́ sójú pátákó, láìlé e.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ káwọn aláìsàn ọpọlọ Arò, l’Ábẹ́òkúta, máa gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, tí wọ́n á máa gba ìtọ́jú látibẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣèwádìí àìsàn yìí ní ìlú mẹ́sàn-án, tí Ìbàdàn wà lára wọn, wọ́n rí i pé àwọn aláìsàn Ìbàdàn bọ̀ sípò dáadáa ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ilé náà ń ṣiṣẹ́.

TẸ́ Ẹ BÁ NÍ IRÚ ALÁÌSÀN BẸ́Ẹ̀ NÍLÉ

1. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohun tó ń gbọ́, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Ẹ ní: “Èmi ò gbọ́ ọ, àmọ́ mo rí i pé ó ń dà ẹ́ láàmú.”

2. Bí oògùn bá ń jẹ́ kó máa sùn jù, kó sanra, kára rẹ̀ le, tàbí kó má lè bá ìyàwó lò pọ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù náà sì wà.

3. Ẹ má fi ẹ̀wọ̀n dè é, ẹ má nà án, ẹ má febi pa á. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà, àmọ́ kí oògùn má dáwọ́ dúró.

4. Ẹ má fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ fún òun nìkan nígbà tí àìsàn náà bá gbóná. Bó bá ń sọ pé òun máa pa ara òun tàbí ẹlòmíì, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni.

5. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ bá a sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kó lè rí oorun sùn.

Nash àti Alicia jọ kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní New Jersey lóṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Norway, níbi tí Nash ti lọ gba ẹ̀bùn Abel, ẹ̀bùn ńlá nínú ìṣirò. Ẹni ọdún 86 ni, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ 82.

Ẹ wo fíìmù náà o, ó tó ó wò. Ẹ kọ́ sùúrù níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́ àánú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ ti lọ gbọ́ ọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.