Òkè Méje, Ọdún Mẹ́tàdínlógún

   

Ọ̀rọ̀ òkè gígùn ni mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá kì í dédé gun òkè. Bí ogun bá dé, a ó sá lọ síbẹ̀, bí àwọn Ẹ̀gbá ti fi abẹ́ Olúmọ ṣe ibi ìsádi. Bí a bá ní ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, a ó gun orí òkè lọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ àti ọjọ́ ayé rẹ̀ máa gun òkè kiri, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bi í pé kí ni ó sọnù sí orí ibẹ̀.

Síbẹ̀, obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Japan tí ó pinnu láti gun òkè tí ó ga jù lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpín méje tí a pín ayé sí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó gbà á láti orí èkíní títí dé orí èkeje. Junko Tabei ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó parí rẹ̀ ní ọdún 1992, kò sí obìnrin mìíràn ní gbogbo ayé tí ó tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí tíṣà gbọ́ ìtàn yìí, kí ìyá ọlọ́jà náà sì gbọ́ ọ, nítorí pé ọwọ́ tíṣà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́jà sì mọ̀ dáadáa ni ó fi parí rẹ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 ni wọ́n bí Junko ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Miharu, ní agbègbè Fukushima. Ọmọ méje ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun sì ni ọmọbìnrin karùn-ún. Kúkúrú ni, ara rẹ̀ kò sì le. Aláìlágbára ọmọ ni àwọn ènìyàn kà á sí. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, tíṣà rẹ̀ kó àwọn ọmọ kíláàsì lọ gun òkè Nasu. Ibẹ̀ ni Junko ti rí i pé òkè gígùn kì í ṣe eré ìje. Kò sí ẹni tí ń lu agogo, kò sí ẹni tí ń pín ẹ̀bùn fún ẹni kìíní. Olúkúlùkù ń rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ, ẹni tí ó lọ́ra sì ń dé orí rẹ̀ bí ẹni tí ó yára. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ òkè ti wọ inú ọmọ náà, kò sì jáde mọ́. Owó kò sí nílé wọn tí yóò fi máa lọ léraléra, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a dúró níbí ná. Bí ọjọ́ eré ìdárayá bá dé ní ilé ìwé wa, kí ni a máa ń ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò le? A ó ní kí ó jókòó sí abẹ́ igi kí ó máa ṣọ́ aṣọ àwọn tí ń sáré. Tíṣà Junko kò fi í sílẹ̀ láti máa ṣọ́ aṣọ. Kò mọ ẹni tí ó mú lọ sí orí òkè lọ́jọ́ náà, bí àwa náà kò ti mọ ẹni tí ó jókòó sí iwájú wa láàárọ̀ yìí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kékeré náà ni a ti ń bomi rin ín.

Junko kàwé dé Yunifásítì Showa ti àwọn obìnrin, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó jáde, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń gun òkè. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan kọ̀ láti bá a gun òkè. Àwọn mìíràn ní ọkọ ni ó ń wá. Kò bá wọn jà. Ní ọdún 1969, ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń gun òkè sílẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ní ọdún kejì, ẹgbẹ́ náà rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Nepal, Junko sì dé ṣóńṣó òkè Annapurna III, tí ó ga ní mítà 7,555.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n gbé ojú sókè wo Everest, èyí tí ó ga ju gbogbo òkè ayé lọ. Mítà 8,849 ni. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè rí mọ bí orúnkún ti í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Ìdànrè kéré níbẹ̀. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba ni òkè tí ó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Bí a bá to mẹ́ta irú rẹ̀ léra wọn, Everest ṣì ga jù wọ́n lọ.

Ní ọdún 1971 ni wọ́n tọrọ àyè láti gùn ún. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dúró kí ó tó kàn wọ́n. Obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, òṣìṣẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Tíṣà wà lára wọn, méjì nínú wọn sì jẹ́ abiyamọ. Junko ní ọmọbìnrin kékeré kan nílé. Níbi tí wọ́n ti ń wá owó, wọ́n sọ fún wọn pé ọmọ ni ó yẹ kí wọ́n jókòó tọ́. Nígbà tí ó yá, ìwé ìròyìn Yomiuri àti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Nippon ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Owó tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó oṣù Junko fún odindi ọdún kan. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní dùùrù títẹ̀ kí ó lè rí i san.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n mú awọ àga inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ti lò, wọ́n fi rán àpò tí omi kò lè wọ̀, wọ́n tún fi rán ìbọ̀wọ́. Wọ́n ra ìyẹ́ ẹyẹ láti ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn rán àpò tí wọn yóò máa sùn nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé pàápàá ń kó jáàmù tí ó ṣẹ́ kù níbi oúnjẹ ọ̀sán jọ fún wọn. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò ní kò jókòó máa sunkún àìní. Ohun tí ó wà nílé ni ó kọ́kọ́ kà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1975, bí wọ́n ti wà nínú àgọ́ ní mítà 6,300, òkìtì yìnyín ya láti òkè wá, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Junko wà lábẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí ó wà mọ́, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àwọn Sherpa, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ tí ń fi ọ̀nà han àwọn àlejò tí wọ́n sì ń bá wọn ru ẹrù, ni wọ́n wà á jáde. Kò lè rìn dáadáa. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, òun àti Ang Tsering, ọ̀kan nínú àwọn Sherpa náà, dé orí Everest. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí rẹ̀, wọ́n bá yìnyín kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ọ̀bẹ, tí ọ̀gbun wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Inú bí Junko, nítorí nínú gbogbo ohun tí ó ti kà nípa òkè náà, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ó rákò kọjá.

Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé orí Everest. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, Phanthog, obìnrin ará Tibet, gba ìhà kejì gòkè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń yin Junko pé obìnrin àkọ́kọ́ ni, a máa ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n pe òun ní ènìyàn kẹrìndínlógójì tí ó gun òkè náà.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó ti ògo yìí títí ọjọ́ alẹ́. Junko kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ka ọdún tí ó fi gun àwọn tí ó kù. Ní 1980, ó gun Kilimanjaro ní Tanzania, olórí òkè ilẹ̀ Áfíríkà wa, mítà 5,895. Ní 1987, ó gun Aconcagua ní Argentina, mítà 6,961. Ní 1988, ó gun Denali ní Alaska, èyí tí wọ́n tún ń pè ní McKinley, mítà 6,190. Ní 1989, ó gun Elbrus ní Rọ́ṣíà, mítà 5,642. Ní 1991, ó gun Vinson ní Antarctica, níbi tí yìnyín ti bo ilẹ̀, mítà 4,892. Ní 1992, ó gun Puncak Jaya, tí wọ́n tún ń pè ní Carstensz, ní apá ilẹ̀ Indonesia ní erékùṣù New Guinea, mítà 4,884. Ó di méje.

Ẹ wo àlàfo àárín wọn. Ọdún márùn-ún ni ó wà láàárín èkíní àti èkejì. Ọdún méje ni ó wà láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó ń tọ́ ọmọ, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń wá owó. Kò fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní orin àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń mú àwọn ẹlòmíràn gun òkè gba owó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, bàbá kan nínú wọn bi mí pé, “Bí yìnyín yẹn bá pa á ńkọ́? Ta ni ì bá tọ́ ọmọ rẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Òkè náà ń pa ènìyàn, ó sì kù díẹ̀ kí ó pa Junko. Èmi kò sọ pé kí ìyá ọlọ́mọ kan dìde lọ́la kí ó fi ẹ̀mí wewu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ọkọ rẹ̀ mọ ohun tí ó ń lé, ó sì fọwọ́ sí i, nítorí òun náà jẹ́ ẹni tí ń gun òkè. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé bí ọkùnrin bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀, akọni ni a ń pè é. A kì í bi í pé ta ni yóò tọ́ ọmọ.

Òkè tiwa kì í sì í ṣe èyí tí ó ní yìnyín. Ìyá kan wà tí mo mọ̀, aṣọ ni ó ń tà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lálẹ́ kí ó lè ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó ti yege nínú iṣẹ́ mẹ́ta kí ó tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé ti wọ inú àpótí. Mo bá a sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí. Ó ní, “Tíṣà, ọdún wo ni n ó tó parí rẹ̀? N ó ti darúgbó.” Mo ní, “Màmá, bí ẹ kàwé, ọdún yóò lọ. Bí ẹ kò kàwé, ọdún yóò lọ.” Ó rẹ́rìn-ín, kò sì tíì sọ fún mi bí òun yóò ti ṣe é. Nítorí tirẹ̀ àti nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ kọ iye òkè tí ó wà níwájú yín sínú ìwé, kí ẹ sì fa ìlà sí èyí tí ẹ ti gùn. Ẹni tí ó ń dá àjọ mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí owó ń pé. Ọjọ́ tí a kò dá ni ó ń ba àjọ jẹ́. Bí ọdún kan bá le, ẹ sinmi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fa ìwé náà ya. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kò gun òkè kankan rí sọ fún yín pé ẹ ti pẹ́ jù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Àrùn jẹjẹrẹ ni ó mú Junko ní ọdún 2012. Kò fi òkè sílẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá ilẹ̀ mímì àti omi òkun ti ọdún 2011, ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ ilé ìwé láti agbègbè tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀ lọ gun òkè Fuji, tí ó ga ní mítà 3,776. Ó ṣe é kẹ́yìn ní oṣù keje ọdún 2016. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó kú, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọmọ tí tíṣà mú gòkè ní ọmọ ọdún mẹ́wàá mú ọmọ ẹlòmíràn gòkè kí ó tó lọ.

Èwo ni òkè tiyín, ẹ̀yin ènìyàn mi? Mélòó ni ó kù? Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.