Kí ló dé tí bàálù fi ń pòòyì lójú ọ̀run London?

Màmá tó jókòó tì mí nínú bàálù di ọwọ́ mi mú gírígírí. “Ọmọ mi, ó jọ pé pílọ́ọ̀tì yìí ti ṣìnà o. Oko yẹn, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí mo rí i nísàlẹ̀.” Ó ti lé ní wákàtí mẹ́fà tá a ti gbéra l'Ékòó. Heathrow kò jìnnà mọ́, àmọ́ a ò balẹ̀.

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. A ò ṣìnà. Orí ìlà la wà.”

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹyẹ wo ló ń sùn sójú ọ̀run? Gbogbo wọn ló máa balẹ̀, ilẹ̀ gan-an ló sì há.

Rọ́nwéè méjì péré ni Heathrow ní. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, ọ̀kan ni wọ́n fi ń balẹ̀, èkejì ni wọ́n fi ń gbéra. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n á pààrọ̀ wọn, káwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ lè rí ìsinmi díẹ̀ lọ́wọ́ ariwo. Ìyẹn ni pé bàálù láti Èkó, New York, Dubai àti Tokyo, orí títì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bọ̀. Òfin sì ti fi iye bàálù tó lè gbéra tàbí kó balẹ̀ níbẹ̀ sí 480,000 lọ́dún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tò? Ibi ìdúró mẹ́rin ló wà lójú ọ̀run: Bovingdon àti Lambourne lápá àríwá, Biggin àti Ockham lápá gúúsù. Ibẹ̀ làwọn bàálù ti ń pòòyì, ọ̀kan lórí èkejì bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín wọn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Tó bá ti jáde, àwọn tó kù á sọ̀ kalẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan. Yíyí ẹ̀ẹ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Kì í ṣe àwọn tó wà nínú ilé gogoro Heathrow ló ń to ìlà yìí. Àwọn yẹn máa ń gba bàálù nígbà tó bá ti kọjú sí rọ́nwéè, tó sún mọ́lé. Àwọn tó ń to ìlà wà nínú yàrá kan ní Swanwick, lápá etíkun gúúsù. Wọn ò fojú rí bàálù kankan, iwájú radar ni wọ́n jókòó sí.

Ẹ fojú inú wo mọ́tò tó ń ti ọ̀nà mẹ́rin bọ̀ wọ afárá kan ṣoṣo, kò wá séyìí tó lè tẹ búréèkì kó dúró. Eré, gíga àti ibi tí bàálù kọjú sí nìkan ni wọ́n lè yí padà. Tó bá ti kúrò níbi ìdúró, eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 400 ní wákàtí kan. Tó bá ń sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n á ní kó dín in kù sí nǹkan bíi 300. Bàálù ńlá bí A380 sì máa ń fi ìjì sílẹ̀ lẹ́yìn tó lè da kékeré nù, nítorí náà, àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju ti yòókù lọ.

Màmá bi mí pé, “Ṣé èèyàn ò lè fún wọn ní nǹkan kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ balẹ̀?” Mo rẹ́rìn-ín. Àfi tí bàálù bá wà nínú ewu, tàbí tí àìsàn bá gbé èrò dè nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi sọ fún wa ká ṣì dúró l'Ékòó? Ìdí ni pé wọn ò fẹ́ kí rọ́nwéè ṣófo rárá. Ìṣẹ́jú méjì tó bá lọ láìsí bàálù, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Wọ́n fẹ́ kí bàálù kan máa dúró nítòsí nígbà gbogbo. Àmọ́ ìdúró yẹn ń jẹ epo, èèfín àti ariwo rẹ̀ sì ń bọ́ sórí ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti 2014, wọ́n ti ń bẹ àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká, títí kan Faransé, kí wọ́n dín eré bàálù kù láti nǹkan bíi kìlómítà 650, kó lè lo ìdádúró rẹ̀ lókè níbi tí kì í ti í jẹ epo púpọ̀.

Ní January 2025, Rachel Reeves, mínísítà ètò ìṣúná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé ìjọba fọwọ́ sí rọ́nwéè kẹta ní Heathrow. Mo gbọ́ táwọn èèyàn wa ń yọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì máa wálẹ̀. Ẹ rọra o. Títì nìkan kọ́ ló ń gbé bàálù balẹ̀. Ní August 28, 2023, kò sí rọ́nwéè kankan tó bàjẹ́. Ètò ìrìnàjò bàálù kan ṣoṣo ni. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe ibi kan ní Faransé àti ibì kan ní Amẹ́ríkà bára mu nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń ka ètò yẹn dàrú, èyí tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ náà sì dàrú. Èrò tó lé ní 700,000 ló fara gbá a.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nílé náà nìyẹn. Rọ́nwéè méjì ni pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ní, bíi ti Heathrow. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2022, ọ̀kan nínú wọn kò ní iná. Tílẹ̀ bá ti ṣú, orí ẹyọ kan ni gbogbo bàálù ń dà sí. Ilẹ̀ wà, títì wà, gílóòbù ni ò sí.

Nítorí náà, tí wọ́n bá tún wá sọ fún wa pé àwọn fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun sí ìpínlẹ̀ kan, ẹ má kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n: ṣé iná wà? Ṣé radar ń ṣiṣẹ́? Àwọn tó ń to ìlà, ṣé wọ́n pọ̀ tó, ṣé wọ́n ń rí oorun sùn? Ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí èmi àti Màmá wà lọ́jọ́ náà.