Igbó Wíwé Kan Ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Austin, ní Texas. Ní 1966, ẹgbẹ́ olórin 13th Floor Elevators, àwọn oní-psychedelic rock, gbé “You’re Gonna Miss Me” jáde: Roky Erickson ń lọgun, Tommy Hall ń kùn sínú orù bí ẹyẹlé. Orù yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín!

Oògùn olóró ni wọ́n ní ó tú wọn ká. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n igbó wíwé kan ṣoṣo ni ọlọ́pàá bá lọ́wọ́ Roky ní 1969. Kí ó má baà ṣẹ̀wọ̀n, ó gbà pé orí òun kò pé. Wọ́n sé e mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Rusk títí di 1972. Níbẹ̀, ó tún dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Apànìyàn wà nínú wọn.