Ta ni Yóò Ya Ọkọ̀ Ojú Irin Wa?

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbà pé kí àgbàlagbà dúró sí ẹ̀bá ojú irin, kí ó máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá, kí ó sì máa yà á ní fọ́tò, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní àṣà òyìnbó tí kò rí nǹkan ṣe ni. Èmi kò gbà. Èrò tèmi ni pé àìwò àti àìyà wa ló sọ wá di ẹni tí kò lè fi ohun tí bàbá rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ jẹun han ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: ìgbà wo ni ìwòran di àjèjì sí Yorùbá? Àwa tí a máa ń dúró de eégún láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀? Àwa tí a ní ojú kì í rí arẹwà kó má kì í? Babátúndé Lawal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, ti ṣàlàyé pé wíwò àti ìrántí ló pàdé nínú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán": ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ya ọkọ̀ ojú irin kò jí àṣà ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń kì.

Ọkọ̀ eléèédú ni àárò rẹ̀ máa ń sọ àwọn òǹkọ̀wé. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro láti sọ: iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ní 1896, ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Òyìnbó ló ni ín, òyìnbó ló ń pàṣẹ. Ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ní ìtàn tirẹ̀. Àárín àwọn ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí àwọn kan ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ English Electric ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àkókò náà ni a dá Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà sílẹ̀, ní 1955, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí sì ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó díẹ̀díẹ̀. Òmìnira bá a lórí ìrìn ní 1960. Nígbà tí ojú irin tó ti Kuru lọ yóò fi dé Maiduguri ní 1964, ìjọba ti di tiwa. Nítorí náà, bí ọkọ̀ kan bá wà tí a lè pè ní ọkọ̀ ìgbà òmìnira, dísẹ́ẹ̀lì ni. Òun gan-an ni a kò sì kà sí.

Nígbà èwe mi ní Òṣogbo, ní ìparí àwọn ọdún 1970, a máa ń wo àwọn ẹ̀rọ tó dàgbà jù wá lọ. A ó to ìṣó sórí irin kí ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ di ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, a ó sá sẹ́yìn, a ó sì máa retí. Àwọn àgbà a máa sọ fún wa pé ọkọ̀ eléèédú a máa mí fàkàfíkì, fàkàfíkì, bí ẹni tó ń gun òkè. Dísẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀, kíkùn ni í kùn bí ilé oyin, ilẹ̀ a sì ti máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa kí a tó rí iwájú rẹ̀. Epo ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń pèsè iná mànàmáná, iná náà ló ń yí ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Iná tí kì í dúró nínú ilé wa, ọkọ̀ yẹn ń gbé tirẹ̀ rìn!

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo yá kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ́ pé bí oòrùn òwúrọ̀ bá wà lẹ́yìn ayàwòrán, nọ́ńbà iwájú ọkọ̀ yóò hàn ketekete, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan a máa sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Mo ń kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, bí àwọn ìyá wa ti ń ka ajé ọjà. Ní ọjọ́ kan, ní ibùdókọ̀ tí n kò ní dárúkọ, òṣìṣẹ́ kan gba kámẹ́rà náà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì na fíìmù inú rẹ̀ sí oòrùn. Ó bi mí bóyá amí ni mí. Gbogbo ohun tí mo ti yà ló ṣègbé.

Èrò tó wà lẹ́yìn ìwà yẹn ni mo ń bá jà. Àṣírí wo ló wà lára ohun tó ń fọn fèrè kí gbogbo ìlú lè gbọ́ pé òun ń bọ̀? A lé ọmọ onílé kúrò nídìí ohun ìní rẹ̀. Nígbà tí mo wá fẹ́ fi àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, inú àkójọ àwọn àlejò ni mo ti rí wọn.

Wọn yóò ní ebi ń pa ará ìlú, fọ́tò irin ni ìwọ ń sọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ béèrè bí a ti ṣe ní ọkọ̀ tó ń rìn, tí a sì jẹ́ kí ó dúró, ẹ̀rí wo ni a ó mú wá? Fọ́tò ọkọ̀ tó mọ́, tó kún, tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sì yọ orí lójú fèrèsé, ẹjọ́ ni ó ń rò fún wa.

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ Legacy tún Ilé Jaekel ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí a kọ́ ní 1898, wọ́n sì kó ohun ìrántí rélùwéè síbẹ̀. Ó yẹ kí a yìn wọ́n. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé láti 2021 tí ọkọ̀ tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, fóònù kò sinmi ní àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àwòrán náà dáadáa: ara wọn ni àwọn èrò ń yà, ẹ̀yìn wọn lásán ni ọkọ̀ dúró sí.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí a fi òfin gba ará ìlú láàyè láti ya ọkọ̀ ojú irin láìbẹ̀rù. Kí a má ṣe gé ògbólógbòó dísẹ́ẹ̀lì kankan tà fún àwọn oníṣòwò irin àlòkù láìjẹ́ pé a ti yà á, tí a sì ti kọ nọ́ńbà àti ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kí a gbé ó kéré tán ọ̀kan sábẹ́ òrùlé. Kí ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ rélùwéè sì tú àpótí wò kí ikán tó bá yín tú u. Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwa tí a ní odidi ọkọ̀, kí ni a ń náání?