Àpótí Ìwé Ìwàásù

Opó kan ní Ìbà fi ìdì ìwé ìwàásù tí olóògbé ọkọ rẹ̀ kó jọ ránṣẹ́ sí mi. Ikán ti jẹ èèpo wọn. Kò sí orúkọ oníwàásù, kò sì sí ọdún. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ inú wọn jẹ́rìí: “aiye” ni wọ́n kọ, àti “enia”. Ìlànà ọdún 1974 ni ó sọ wọ́n di “ayé” àti “ènìyàn”. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ìwé wọ̀nyí ti ṣáájú rẹ̀. (Àwọn àgbà kan, èmi pẹ̀lú, kò tíì fi “aiye” sílẹ̀, nítorí náà ẹ ṣọ́ra.)

Wọ́n ti ta ìdajì wọn fún alákàrà ní Okokomaiko. N kò bá opó náà wí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi tìkára mi, nígbà tí mo ń kó kúrò ní Ọ̀jọ́, mo dáná sun ìwé ìwàásù bàbá mi, mo ní ẹ̀dà wọn kò ní ṣàì wà níbòmíràn. Mo wá wọn dé ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, níbi tí ìwé míṣọ́ọ̀nù CMS pọ̀ sí. N kò rí ọ̀kan.